Kí o tó lẹ ìyẹ́ bàálù yẹn, wá orúkọ ẹni tó wà á

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Ọ̀fà ló kọ̀wé sí mi, mo gé e kúrú díẹ̀ kí n tó gbé e síbí:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá tó bí bàbá mi wà lára àwọn tó lọ ogun Bọ́mà nígbà ogun àgbáyé kejì. Kí wọ́n tó kú, tí wọ́n bá ti jẹun alẹ́ tán, ọ̀rọ̀ àwọn pílọ́ọ̀tù tó ń fò lórí igbó ni wọ́n máa ń sọ, wọ́n á ní ọmọ kékeré ni gbogbo wọn, wọ́n á ní àwọn ni ò jẹ́ kébi pa wá. Mo fẹ́ to bàálù ogun oníke kékeré kan fi ṣe ìrántí àwọn pílọ́ọ̀tù yẹn, kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá ní pálọ̀. Mo ra kíìtì Spitfire, bàálù oníjà Gẹ̀ẹ́sì, ní 1/72, ìyẹn ni pé wọ́n dín in kù sí ìdá kan nínú 72, mo tò ó, àmọ́ gíláàsì orí ibi tí pílọ́ọ̀tù ń jókòó ṣú funfun bíi pé èéfín kọ lù ú, ìyẹ́ kan sì ga ju èkejì lọ. Mo fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe tí ò dáa, ọ̀dà wo ni kí n kùn ún kó lè dà bíi ti Bọ́mà? Ẹ sì bá mi dá àbúrò bàbá mi lóhùn, wọ́n ní eré ọmọdé ni mò ń ṣe."

O ṣeun àbúrò mi, kí Ọlọ́hun tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ìbéèrè mẹ́ta lo bi mí, àmọ́ ẹ̀kẹrin kan wà tí o ò bi mí tó jẹ́ òun gan an ló yẹ kó ṣáájú: ta lo ń to bàálù yìí fún? O ní "àwọn pílọ́ọ̀tù". Wọ́n pọ̀ jù. Màá padà síbẹ̀, jẹ́ ká kọ́kọ́ tún gíláàsì ṣe torí mo mọ̀ pé òun ló ń dùn ẹ́ jù.

Súpà gúlúù lo fi lẹ̀ ẹ́, fọ́tò yẹn ti sọ gbogbo ẹ̀. Bí gúlúù yẹn bá ṣe ń gbẹ ni èéfín ń jáde lára ẹ̀, èéfín yẹn ló ń lọ bà lé gíláàsì táá fi di funfun, kódà tó bá jẹ́ ìdí àga pílọ́ọ̀tù lo kán an sí, tó o bá ti dé gíláàsì lé e lórí kó tó gbẹ tán, ó parí nìyẹn. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn kápẹ́ńtà fi ń lẹ pákó ni wọ́n fi ń lẹ gíláàsì bàálù. Fi ẹnu igi ìtayín tọ́ ọ sí etí ẹ̀ yí ká, díẹ̀ báyìí, gbé gíláàsì lé e, fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó máa funfun nígbà tó bá ṣì tutù, má jáyà, tó bá gbẹ ó máa mọ́ gaara, tó bá sì dà síbi tí ò yẹ aṣọ tútù lo máa fi nù ún kúrò. Èyí tó ti bàjẹ́ yẹn, má sọ ọ́ nù. Fi abẹ yọ ọ́ jẹ́jẹ́, má fi agbára ṣe é o, torí ó lè là sí méjì, fi ọṣẹ ìfọyín díẹ̀ sórí aṣọ tó rọ̀ kó o máa fi yí i po, inú àti ẹ̀yìn, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fọ̀ ọ́, gbé e sí ìmọ́lẹ̀ wò ó, tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ṣe ti tèmi kó tó ṣeé rí inú.

Ìyẹ́ tó ga jura wọn, gúlúù yẹn náà ni. Kò fún ẹ láyè, bó o ṣe gbé e kàn án ló ti dì. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún ike bàálù, ńṣe ló ń yọ́ ike náà díẹ̀ tí méjèèjì á wọnú ara wọn di ọ̀kan, ó sì máa ń fún ẹ ní ìṣẹ́jú mélòó kan láti tún un gbé. Ìyẹ́ Spitfire ò dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀, ẹnu ẹ̀ máa ń rú sókè díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ìyẹn lo ṣe gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n. Tẹ́ ìwé sórí tábìlì tó dọ́gba, fa ìlà gígùn kan sáàárín, gbé bàálù lé ìlà yẹn, wá to páálí ìṣáná sábẹ́ ẹnu ìyẹ́ méjèèjì, iye kan náà níhìn-ín iye kan náà lọ́hùn-ún. Bẹ̀rẹ̀ kó o wò ó láti iwájú bí ìgbà tí ẹni tó ń ta pákó ń fi ojú kan wo bóyá pákó tẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi sílẹ̀ dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń bàjẹ́ nínú iṣẹ́ yìí, ìkánjú ni.

Ó yá, ọ̀rọ̀ Bọ́mà. Mo yí fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ lọ yí i bọ̀. Fáànù iwájú ẹ̀ ní abẹ mẹ́ta, rédíétọ̀ fẹ̀ lábẹ́ ìyẹ́ ọ̀tún, èyí tó wà lábẹ́ ìyẹ́ òsì tẹ́ẹ́rẹ́, táyà ìdí ẹ̀ sì dúró sóde. Spitfire àkọ́kọ́ lo rà yẹn, Mk I, ti 1940, òun ló jà lójú ọ̀run ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìparí 1943 ni Spitfire oníjà tó dé ìhà Bọ́mà, Mk V ló kọ́kọ́ dé, Mk VIII wá tẹ̀ lé e ní 1944, tìyẹn sì ní abẹ fáànù mẹ́rin, rédíétọ̀ ẹ̀ dọ́gba lábẹ́ ìyẹ́ méjèèjì, táyà ìdí ẹ̀ máa ń wọlé tó bá ti gbéra. Tó o bá wá kun Mk I ní àwọ̀ Bọ́mà, ojú ẹni tí ò mọ̀ lo máa dí, àmọ́ ìrántí lo ní o fẹ́ ṣe, o ò ní lọ gbé fọ́tò bàbá ẹlòmíì sórí pósítà òkú bàbá tìẹ.

Ohun kan tún wà. Àwọn tí bàbá ní wọn ò jẹ́ kébi pa wọ́n, kì í ṣe Spitfire ni wọ́n wà. Dakota ni, bàálù ẹrù onífáànù méjì tí ò ní ìbọn kankan lára. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá méjì, tí wọ́n ń pè ní Division, ni Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kó lọ síbẹ̀, 81 àti 82. Nígbà tí 81 wọ àfonífojì odò Kaladan ní ìparí 1943, wọ́n ti kọ́kọ́ fọwọ́ la ọ̀nà 75 máìlì kọjá lórí òkè àti inú igbó, tí wọ́n ń pè ní West African Way, lẹ́yìn ìyẹn kò sí mọ́tò tó lè tẹ̀ lé wọn mọ́, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, gbogbo ohun tí wọ́n ń jẹ, ọta, oògùn, láti ojú ọ̀run ló ti ń bọ̀. Pílọ́ọ̀tù á bọ́ sílẹ̀ láàárín òkè méjì, á fò nílẹ̀ nílẹ̀ bíi pé ó fẹ́ gé orí igi, wọ́n á máa ti àpò jáde lẹ́nu ọ̀nà bàálù. Bí ìkúùkù bá bo òkè, kò sóúnjẹ lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí bàbá ń sọ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ nìyẹn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn oúnjẹ gan an ni wọ́n máa ń rántí ẹ̀.

Torí náà, lọ tú àpótí bàbá wò. Béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé bóyá ìwé tí wọ́n fi dá wọn sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun ṣì wà, tàbí àmì tó wà lápá aṣọ wọn. Tó bá jẹ́ aláǹtakùn dúdú lórí nǹkan pupa rúsúrúsú bí ẹyin, 81 ni. Tó bá jẹ́ ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn, 82 ni. Tó bá sì jẹ́ pé 6, 7 tàbí 12 ti Nigeria Regiment ló wà nínú ìwé, a jẹ́ pé àwọn tó bá àwọn Chindit, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jà lẹ́yìn ọ̀tá nínú igbó, wọ ẹ̀yìn ọ̀tá ní 1944 ni wọ́n, àwọn yẹn ò tiẹ̀ fẹsẹ̀ rìn wọ̀ ọ́, bàálù ló gbé wọn sọ̀ sáàárín igbó. Bàálù tó ń gbèjà tiwọn láti òkè ni Mustang P-51A ti àwọn ará Amẹ́ríkà, tó ní ìlà funfun márùn-ún tó dábùú ara ẹ̀ lẹ́yìn, tó o bá rí àwòrán ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan o ò ní gbàgbé. Bàálù kéékèèké kan náà sì wà, L-5, tó máa ń bà sórí ilẹ̀ tí ò tó nǹkan láti wá gbé àwọn tó fara pa. Ṣó o rí i, ìwé kékeré kan nínú àpótí lè yí bàálù tó yẹ kó o tò padà.

Níbi tí mo fẹ́ kó o dúró sí pẹ̀lú mi díẹ̀ nìyí. O ti dé Ẹ̀sìẹ́ rí? Tí o ò bá tíì dé bẹ̀, kò jìnnà sí ẹ, gbìyànjú kó o lọ. Ère òkúta tó lé ní 1,000 ló wà níbẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ni, 1945 ni wọ́n ṣí i, ọdún tí ogun Bọ́mà parí gan an. Wàá rí ẹni tó jókòó, wàá rí ẹni tó mú idà, wàá rí irun dídì, ilà ojú, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ẹni tó gbẹ́ wọn mọ̀ wọ́n dáadáa. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè dárúkọ ẹyọ kan nínú wọn fún ẹ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ mi, mo dúró síwájú obìnrin olókùúta kan, àánú ẹ̀ ṣe mí. Látọjọ́ yẹn, mi ò to bàálù tí ò lórúkọ mọ́. Mi ò kì í to "Hurricane kan". Ti lágbájá ni mò ń tò, ọjọ́ báyìí, ẹgbẹ́ báyìí, nọ́ńbà báyìí. Àwa Yorùbá ṣáà mọ̀ pé oríkì ẹnì kan kì í ṣe oríkì ẹlòmíì, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù, oríkì ẹ̀ ni, tó o bá kọ ọ́ bó ṣe yẹ o ti pe ẹnì kan lórúkọ.

Jẹ́ kí n sọ ti ẹni tí mo to tèmi fún, torí ó kan bàbá ẹ pẹ̀lú. James Nicolson lorúkọ ẹ̀. Ní 16 oṣù kẹjọ 1940, ọmọ ọdún 23 ni, ó ń wa Hurricane, bàálù oníjà Gẹ̀ẹ́sì, ti ẹgbẹ́ 249 lókè ìtòsí Southampton. Ẹgbẹ́ 249 yìí ni wọ́n padà fi orúkọ Gold Coast kún torí owó tí àwọn ará Gánà òní dá fún ogun. Bàálù Jámánì yìnbọn bá a látẹ̀yìn, iná sọ níwájú ẹ̀. Táǹkì epo kan wà níwájú pílọ́ọ̀tù Hurricane gan an, tí iná bá ti mú un, ojú àti ọwọ́ ló máa kọ́kọ́ jó. Ó ti ń múra àtibẹ́ sílẹ̀ nígbà tí Messerschmitt, bàálù Jámánì kan, kọjá síwájú ẹ̀, ló bá tún jókòó padà sínú iná yẹn, ó tẹ ìbọn mọ́lẹ̀, ó ń lé e lọ, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó bẹ́. Ó tún wá jẹ́ pé bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú páráṣúùtù, àwọn ará ilẹ̀ ẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìnbọn lù ú, wọ́n rò pé ọ̀tá ni. Ó yè é. Wọ́n fún un ní Victoria Cross, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú gbogbo àwọn pílọ́ọ̀tù Fighter Command, ẹ̀ka tó ń wa bàálù oníjà, òun nìkan ṣoṣo ló gbà á ní gbogbo ogun yẹn.

Nígbà tí ara ẹ̀ yá tán, wọ́n gbé e lọ sí Íńdíà. Ó di ọ̀gá ẹgbẹ́ 27, bàálù Mosquito ni wọ́n ń wà, wọ́n ń jà lórí Bọ́mà, lórí igbó tí àwọn bàbá wa wà lábẹ́ ẹ̀. Ní 2 oṣù karùn-ún 1945, ó bá àwọn kan wọ bàálù Liberator, kì í tiẹ̀ ṣe òun ló wà á, bàálù náà já sínú òkun Bengal. Ọmọ ọdún 28 ni. Wọn ò rí òkú ẹ̀, orúkọ ẹ̀ ló wà lára ògiri ìrántí ní Singapore. Oṣù yẹn gan an ni ogun parí ní Yúróòpù.

Torí náà, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kó o fi Spitfire ọwọ́ ẹ yẹn kọ́wọ́, fi ṣe ti ọmọ 1940 kan tó bá ọ̀rọ̀ "ọmọ kékeré" tí bàbá ń sọ mu. Geoffrey Wellum wà ńbẹ̀, ọmọ ọdún 18 ló wọ ẹgbẹ́ 92, àwọn tí lẹ́tà wọn jẹ́ QJ lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, òun darúgbó, 2018 ló tó kú. Nǹkan bíi 3,000 ni àwọn tó fò nínú ìjà ojú ọ̀run ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn láti 10 oṣù keje sí 31 oṣù kẹwàá, 544 ló kú nínú wọn kó tó parí. Tó o bá ti wá mọ ọwọ́ ẹ̀, ra Hurricane. Tó o bá rí owó ẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, to Dakota, torí òun ni bàbá ń dárúkọ láìmọ orúkọ ẹ̀, ìyẹ́ ẹ̀ máa tó 40 sẹ̀ńtímítà ní 1/72, wá àyè sílẹ̀ ní pálọ̀.

Tiwa náà sì wà nínú RAF, ọmọ ogun ojú ọ̀run Gẹ̀ẹ́sì, o, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé òyìnbó nìkan ni. Peter Adeniyi Thomas, ọmọ Èkó, òun ni ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di ọ́físà níbẹ̀, pílọ́ọ̀tù ni, jàǹbá bàálù ló pa á lóṣù kìíní 1945, Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sin ín sí. Akin Shenbanjo náà wà ńbẹ̀, òun ń tẹ wáyálẹ́ẹ̀sì nínú Halifax, bàálù ńlá tó ń ju bọ́ǹbù, ti ẹgbẹ́ 76, ó gba DFC, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà àwọn tó ń fò, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sì kọ "Achtung! The Black Prince" sí imú bàálù wọn nítorí ẹ̀. Halifax kì í ṣe bàálù oníjà kékeré, àmọ́ tó o bá fẹ́ to ìyẹn náà lọ́jọ́ kan, inú mi á dùn.

Hurricane wá. Ìyẹ́ ẹ̀ jẹ́ 40 ẹsẹ̀ bàtà, ní 1/48 yóò jẹ́ íǹṣì mẹ́wàá géérégé, ìyẹn ni mo fẹ́ràn torí ojú mi, àmọ́ 1/72 náà dáa, kò ní tó 17 sẹ̀ńtímítà. Nǹkan méjì ni mo fẹ́ kó o ṣọ́ra fún. Tó o bá wo ara ẹ̀ láti ẹ̀yìn àga pílọ́ọ̀tù lọ sí ìdí, wàá rí ìlà gbọọrọ gbọọrọ tó yọ díẹ̀. Kì í ṣe pé iṣẹ́ kíìtì yẹn ò dáa, aṣọ ni wọ́n fi bo ibẹ̀ lára bàálù gidi, igi tín-ínrín tín-ínrín ló wà lábẹ́ ẹ̀, ìdí tí ọta fi máa ń gba ibẹ̀ kọjá tí bàálù á sì tún gbé ọmọ délé nìyẹn. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń fi sáńpépà ha á dànù torí wọ́n rò pé àlébù ni. Má ha á! Èkejì, ihò ìbọn mẹ́jọ ló wà níwájú ìyẹ́, mẹ́rin lápá kan. Kí bàálù tó gbéra, wọ́n máa ń fi aṣọ pupa lẹ ẹnu ihò yẹn kí eruku àti òtútù má bàa wọ inú ìbọn. Tí pupa yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, kò tíì yìnbọn lọ́jọ́ yẹn. Tó bá ti ya, ó ti jà. Ti Nicolson tí mo tò, mo fi abẹ ya gbogbo ẹ̀, mo sì fi lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsùlù pa èéfín ìbọn sábẹ́ ìyẹ́, bíńtín báyìí. Lẹ́tà ẹ̀ ni GN-A, nọ́ńbà ẹ̀ P3576.

Sáńpépà ńkọ́? Lọ bá àwọn tó ń ta ọ̀dà mọ́tò, sọ fún wọn pé o fẹ́ èyí tí wọ́n ń rẹ sómi, 1000 àti 1200. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ àwọn tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ lántànà ní Ìlọrin láyé àtijọ́, bí wọ́n ṣe ń fi omi ha òkúta pupa yẹn lórí òkúta, tí wọn ò kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tó jẹ́ ọwọ́ fúyẹ́ ló ń mú un dán, bẹ́ẹ̀ náà ni kó o ṣe. Ibi tí ara méjèèjì bàálù ti pàdé lókè àti nísàlẹ̀, ha á títí tó o bá di ojú tó o fi èékánná rá a, o ò ní mọ ibẹ̀ mọ́.

Ọ̀dà: má gbé ọ̀dà mọ́tò tàbí tína mọ́tò sún mọ́ ike tí o ò tíì fún ní púráímà, ńṣe ló máa yọ́ bí ọ̀rá. Ọ̀dà olómi tí àwọn tó ń ya àwòrán ń lò dáa, fi omi là á, kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta dípò kó o kùn ún gbàmù lẹ́ẹ̀kan. Ti 1940, òkè ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé tó ti gbó pẹ̀lú àwọ̀ erùpẹ̀ ebè tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, méjèèjì á máa wọ́ kọjá nínú ara wọn, abẹ́ ẹ̀ dà bí ẹyin pẹ́pẹ́yẹ, kì í ṣe funfun, kì í ṣe búlúù. Ti Bọ́mà, òkè ẹ̀ ò yí padà, abẹ́ ẹ̀ ló jẹ́ àwọ̀ eérú. Ibi tó o ti máa mọ Bọ́mà ni àmì róbótó ara ẹ̀: níbòmíì pupa wà láàárín ẹ̀, àmọ́ níbẹ̀ wọ́n yọ pupa kúrò pátápátá, búlúù nìkan ló kù, èyí tó dúdú díẹ̀ lóde, èyí tó mọ́lẹ̀ nínú, torí bàálù Jàpáàn ní òòrùn pupa lára, àwọn tó wà nílẹ̀ á kàn rí pupa, wọ́n á sì yìnbọn pa ara wọn. Bàbá ẹ á ti mọ̀ ọ́n. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àmì yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò tí ìró bàálù bá ti dún lókè.

Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, má kun nǹkankan lọ́sàn-án. Jí ní kùtùkùtù, wọ́n omi sílẹ̀ yàrá kí eruku jókòó, ohun tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń ṣe nìyẹn, ti fèrèsé, kùn ún, da abọ́ dé e. Má sì gbé bàálù ẹ sínú mọ́tò tó wà lóòrùn láéláé. Mo gbé Mustang kan tí mo fi oṣù mẹ́ta tò lọ fi han ọ̀rẹ́ mi ní Òmù-Àrán, mo yà síbi ìsìnkú kan lọ́nà, mo fi sílẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kí n tó padà ìyẹ́ méjèèjì ti rọ̀ sílẹ̀ bí etí ajá. Mo jókòó sínú mọ́tò yẹn fún ìgbà pípẹ́ kí n tó lè wakọ̀.

Tówó kíìtì bá wọ́n, má jẹ́ kí ìyẹn dá ẹ dúró. Èmi ò mọ kíìtì nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ti kórè ọkà bàbà tán, a ó bẹ́ pòròpórò, a ó bó èèpo ẹ̀ fi ṣe egungun ìyẹ́, inú ẹ̀ tó fúyẹ́ yẹn la fi ń ṣe ara bàálù, ọwọ̀ la fi ń gún un pọ̀, rọ́bà bàtà tó ti já la fi ń gé táyà. Ọwọ́ mi ṣì mọ bí abẹ ṣe ń wọ inú pòròpórò, kì í dún, ó kàn ń lọ. O lè gbẹ́ Hurricane látinú igi tó fúyẹ́ bí àràbà, tẹ àwòrán ẹ̀ jáde látorí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìwọ̀n 1/72, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkè, lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, gé e tẹ̀ lé ìlà.

Ohun tí mo fẹ́ kó o sọ fún àbúrò bàbá ẹ náà nìyẹn, kó o kúnlẹ̀ sọ ọ́, torí wọn ò mọ̀ ni. Ní 1942, ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà bẹ àwọn ọmọ iléèwé pé kí wọ́n gbẹ́ bàálù onígi 500,000, 1/72 gan an tó o rà yẹn, wọ́n kùn wọ́n dúdú, òun ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ogun bí wọ́n ṣe máa mọ bàálù ọ̀tá yàtọ̀ sí tọ̀rẹ́ tó bá yọ lókè. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n dáadáa lè yìnbọn lu ará ilé ẹ̀, bí wọ́n ṣe yìnbọn lu Nicolson. Ìdí tó sì fi jẹ́ 72 ni pé ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà á wá jẹ́ íǹṣì kan. Jẹ́ kí wọ́n fi íǹṣì kan wọn ìka wọn wò, kí wọ́n wá wo àga tó wà nínú Spitfire ẹ, kí wọ́n rí bí ibi tí ọmọ ọdún 18 yẹn jókòó sí ṣe há tó.

Ohun tó kù ni bóyá kó o fi ère pílọ́ọ̀tù sínú ẹ̀. Ó sábà máa ń wà nínú kíìtì, ọmọlangidi kékeré kan. Èmi kì í fi í síbẹ̀. Ti Nicolson tí mo tò, mo fa gíláàsì ẹ̀ sẹ́yìn, bẹ́líìtì wà lórí àga ní títú, ó ti bẹ́. Ó wà lórí sẹ́ẹ̀lì mi ní Ìlọrin níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọmọ tó bá wá kí wa máa ń gun orí àga láti yọjú wo inú ẹ̀, ohun tí wọ́n sì máa ń bi mí náà ni pé, bàbá, ẹni tó ń wà á dà? Màá wá gbé wọn jókòó, màá sọ orúkọ ẹ̀ fún wọn.